Owó Oṣù Bàbá Ìwé-Dà

Ẹ sún mọ́bí. Ẹ sún mọ́bí dáadáa, mi ò fẹ́ yá owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹni tó ń tẹ fóònù, kó dojú ẹ̀ bolẹ̀. Ẹni tó gbé nǹkan kaná, kó lọ rọ iná yẹn sílẹ̀, torí tó bá jóná, ẹ ò ní sọ pé èmi ni mo jó o. Ìwọ tó o jókòó sẹ́nu ọ̀nà yẹn, tó ò ń ṣe bí ẹni tí ò gbọ́, ìwọ gan-an ni mò ń bá wí. Wọlé, kó o ti ilẹ̀kùn. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀kùn náà la fẹ́ sọ.

Ṣé ẹ ti rí ẹni tó ń gba owó oṣù níbi tí wọ́n ti ń sanwó kí wọ́n tó gbà á sí? Ẹ ò tíì rí i. Mo mọ̀. Ẹ fara balẹ̀.

Bàbá kan wà. Orúkọ tí òbí sọ ọ́, kò sẹ́ni tó ń fi pè é mọ́. Bàbá Ìwé-Dà ni gbogbo èèyàn ń pè é. Ilé iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń ṣe bùláńkẹ́ẹ̀tì ló ti jẹ́ aṣọ́nà, láti ìgbà tí irun orí ẹ̀ ṣì dúdú minimini títí tó fi funfun bí òwú. Iṣẹ́ ẹ̀ ò ju gbólóhùn kan lọ. O fẹ́ wọlé? "Ìwé dà?" O fẹ́ jáde? "Ìwé dà?" Lọ́jọ́ kan báyìí, ẹni tó ni ilé iṣẹ́ gan-an gbàgbé káàdì ẹ̀ sílé. Ẹ sì wò ó o, àwòrán ọkùnrin yìí wà lára ògiri lẹ́yìn orí Bàbá, ó tóbi, wọ́n fi gíláàsì bò ó. Bàbá wo ojú ọ̀gá, ó yíjú padà wo àwòrán, ó tún wo ojú ọ̀gá. Ó ní, "Ẹ jọra, sà. Àmọ́ ìwé dà?" Ọ̀gá yí mọ́tò padà, ó lọ mú káàdì wá. Nígbà tó dé, ó fi kún owó oṣù Bàbá.

Irú èèyàn tó jẹ́ nìyẹn. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí, Bàbá fi tiẹ̀ ṣọ́ géètì.

Ọmọ méjì ló bí. Ìyá wọn ti lọ, ó ti pẹ́. Èyí àgbà lóbìnrin, onídìrí ni. Ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ wà nísàlẹ̀, yàrá tí wọ́n ń gbé wà lókè, ọwọ́ ẹ̀ sì yá bí ẹnu ẹ̀ ṣe yá. Èyí àbúrò lọ́kùnrin, ẹ̀rọ amúlétutù ló ń tún ṣe. Àmọ́ ẹ má pè é bẹ́ẹ̀ o. Ẹnjiníà lẹ máa pè é. Tẹ́ ẹ bá pè é ní atúnfíríìjìṣe pẹ́nrẹ́n, ooru ni yóò pa yín mọ́lé, kò ní yọjú.

Ilé iṣẹ́ bùláńkẹ́ẹ̀tì kógbá wọlé, wọ́n wó o, wọ́n sọ ibẹ̀ di ibi ìgbọ́kọ̀sí. Bàbá wá ń gbé lọ́dọ̀ onídìrí. Ó ń jí, ó ń ka ìwé ìròyìn, ó ń sọ̀ kalẹ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù wá pa àwọn oníbàárà lẹ́rìn-ín. Ayé dùn.

Ẹ mọ bí ìgbàgbé ṣe ń wọlé? Kì í kanlẹ̀kùn. Ọkùnrin tó fi gbogbo ayé ẹ̀ ṣọ́nà, èyí gba ẹ̀yìnkùlé wọlé tọ̀ ọ́ wá, kò sì bi í pé ìwé dà. Kọ́kọ́rọ́ ló kọ́kọ́ sọ nù. Lẹ́yìn náà, Bàbá da tíì sínú agolo ṣúgà, ó sì bínú sí agolo náà. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í fi orúkọ ìyàwó ẹ̀ pe ọmọ ẹ̀. Onídìrí ń jẹ́ ẹ. Ó ní ó sàn kéèyàn jẹ́ orúkọ ìyá ẹni ju kéèyàn má jẹ́ nǹkan kan lọ.

Èyí tó wá le jù ni ti àárọ̀. Bí ilẹ̀ bá ti ń mọ́, Bàbá á wẹ̀, á lọ ṣẹ́ẹ̀tì ẹ̀, á dé fìlà, ó di ibi iṣẹ́. Iṣẹ́ wo? Ibi ìgbọ́kọ̀sí. Tí ò bá wá rí géètì tiẹ̀, á bá géètì ẹlòmíràn. Wọ́n bá a níwájú ilé-ìwé kan báyìí, àwọn ọmọ kún títì fọ́fọ́, ọ̀gá ilé-ìwé fúnra ẹ̀ wà láàárín wọn pẹ̀lú báàgì lọ́rùn, kò sẹ́ni tó níwèé, kò sẹ́ni tó wọlé. Àwọn ọmọ ń gbàdúrà pé kí ẹ̀mí Bàbá gùn.

Ẹ̀rín ni, àbí? Onídìrí náà rẹ́rìn-ín ti ìyẹn. Àmọ́ lọ́jọ́ kan, wọ́n bá Bàbá láàárín títì márosẹ̀, ó na ọwọ́ sí ọkọ̀ àjàgbé kan tó ń bọ̀ tòun ti ẹrù. Ìwé dà? Awakọ̀ yẹn tẹ bíréèkì títí táyà fi ń rú èéfín. Ojú ọ̀nà tó kù láàárín ọkọ̀ àti fìlà Bàbá, ẹ ò lè tẹ́ ẹní sí i.

Onídìrí ò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó wá ilé kan kàn, ilé tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn tí ìgbàgbé mú. Ilé alájà ni, ó ní ọgbà lẹ́yìn, gbogbo ẹ̀ ń ta sánsán ọṣẹ àti búrẹ́dì yíyan. Owó ibẹ̀ ńkọ́? Tí mo bá dárúkọ ẹ̀, ìgbàgbé máa mú ẹ̀yin náà níbi tẹ́ ẹ jókòó sí. Òun àti Ẹnjiníà pín in sí méjì. Ọwọ́ kan ò kúkú gbẹ́rù dórí.

Níbẹ̀ lọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

Ilẹ̀kùn ńlá ilé yẹn, wọn kì í tì í lójú ọ̀sán. Mátírọ́ọ̀nù ibẹ̀ ò fẹ́. Ó ní ilé lòun ń ṣe, òun ò ṣe ẹ̀wọ̀n. Nítorí náà, òṣìṣẹ́ kan máa ń dúró sẹ́nu ọ̀nà láàárọ̀ ṣúlẹ̀, tó ń rọra dá àwọn èèyàn padà. Bàbá dé, ó wo òṣìṣẹ́ yìí, ó ní, "Kúrò lọ́nà, mo ti pẹ́ níbi iṣẹ́." Òṣìṣẹ́ ò kúrò. Ìjà. Ọjọ́ kejì, ìjà. Bàbá ò jẹun, ó ń fi ọwọ́ gbá ògiri, ó ń rù. Onídìrí á wá kí i, á tún padà sọkún nínú bọ́ọ̀sì.

Mátírọ́ọ̀nù yìí, obìnrin tó sanra dáadáa ni, àmọ́ tó bá ń rìn, ẹ ò ní gbọ́ ẹsẹ̀ ẹ̀. Ó kàn dákẹ́, ó ń wo Bàbá. Lọ́jọ́ kan, kí Bàbá tó jí, ó gbé àga kan àti tábìlì kékeré kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Bí Bàbá ṣe ń sáré bọ̀ tòun ti fìlà, Mátírọ́ọ̀nù ti dúró síbẹ̀, ó káwọ́ gbera.

Ó ní, "Bàbá, ẹ pẹ́ dé lónìí o."

Bàbá dúró gbagidi. Ó wo àga. Ó wo tábìlì. Ó wo ilẹ̀kùn.

"Ẹ má bínú, mà," ni Bàbá wí. "Ọ̀nà ló dí."

Ló bá jókòó.

Ó parí! Ìjà tán, ariwo tán. Ó jẹun àárọ̀ lórí tábìlì yẹn láìwo ẹ̀yìn. Mátírọ́ọ̀nù gé páálí pélébé-pélébé, ó fún gbogbo òṣìṣẹ́ ní káàdì, Bàbá ń yẹ̀ ẹ́ wò níkọ̀ọ̀kan. Òṣìṣẹ́ tó ń dúró sẹ́nu ọ̀nà tẹ́lẹ̀ ráyè lọ bá wọn wẹ àwọn arúgbó. Ilé tòrò. Onídìrí bẹ̀rẹ̀ sí í sùn dáadáa.

Oṣù wá parí.

Ẹ̀ẹ́ẹ̀n, ẹ ti ń rẹ́rìn-ín. Bàbá lọ kan ilẹ̀kùn ọ́fíìsì Mátírọ́ọ̀nù. Kò béèrè ìwé lọ́tẹ̀ yìí.

"Owó dà?"

"Owó wo, Bàbá?"

"Owó oṣù."

Mátírọ́ọ̀nù rẹ́rìn-ín. Bàbá ò rẹ́rìn-ín. Nígbà tílẹ̀ mọ́, àga ṣófo. Bàbá wà lórí bẹ́ẹ̀dì, ó ká apá mọ́ àyà, ó kọjú sí ògiri. Ó ti daṣẹ́ sílẹ̀! Kí wọ́n tó mọ̀, ẹnu ọ̀nà ti di gbàgede. Bàbá kan tó ró táwẹ̀lì ti dé ibùdókọ̀, ó tò sórí ìlà pẹ̀lú àwọn tó ń lọ síbi iṣẹ́. Màmá Alápò, ìyá arúgbó kan tí kì í gbé àpò ẹ̀ sílẹ̀, wọ́n bá a ní kíṣìnnì aládùúgbò, ó ń mu tíì, ó ń bi wọ́n léèrè ọkọ ẹ̀.

Mátírọ́ọ̀nù pe onídìrí lórí fóònù.

"Ẹ máa bọ̀ o. Bàbá yín ti daṣẹ́ sílẹ̀."

"Iṣẹ́ wo nìyẹn?"

"Ẹ ṣáà mú owó dání."

Onídìrí fi oníbàárà sílẹ̀ pẹ̀lú irun ààbọ̀ lórí. Ó rí owó díẹ̀ kì bọ inú ẹ́ńfílóòpù, ó sá dé ibẹ̀. Wọ́n ní kí Bàbá wá, ẹni tó ń sanwó oṣù ti dé. Bàbá wọ bàtà, ó dé fìlà, ó jáde. Bó ṣe rí obìnrin tó mú ẹ́ńfílóòpù lọ́wọ́, ó ṣí fìlà, ó tẹrí ba.

"Ẹ káàárọ̀, Madam."

Ọmọ ẹ̀ ló ń kí bẹ́ẹ̀ o. Onídìrí ò mọ ohun tó máa ṣe, ó ṣe ohun tó ti ń ṣe látìgbà tó ti gbọ́n. Ó kúnlẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀, Bàbá mi."

Ìbẹ̀rù mú Bàbá. Madam kúnlẹ̀ fún aṣọ́nà! Òun náà bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ kalẹ̀. "Háà, Madam, ẹ dìde, ẹ jọ̀ọ́. Wọ́n á lé mi níṣẹ́!" Onídìrí ò lè dìde nígbà tí bàbá ẹ̀ ń dọ̀bálẹ̀, ló bá tún kúnlẹ̀ wọlẹ̀ sí i. Bàbá tún tẹ̀ sí i. Bí èyí ṣe ń lọ sílẹ̀ ni tọ̀hún ń lọ sílẹ̀, àfi ìgbà tí Mátírọ́ọ̀nù fi ọwọ́ kọ̀ọ̀kan fa àwọn méjèèjì sókè.

Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Onídìrí rẹ́rìn-ín jù wọ́n lọ. Ẹ̀rín náà ló gbé e wọ balùwẹ̀. Ó pẹ́ níbẹ̀ díẹ̀, wọ́n sì ń gbọ́ tí omi ẹ̀rọ ń dà.

Látìgbà náà ló ti di asanwó oṣù. Lóṣooṣù, á san ti ilé ìtọ́jú, á tún san ti Bàbá. Bàbá náà kì í háwọ́ o. Bó bá ti gbowó, á rán alágbàálẹ̀ lọ ra bisikíìtì fún gbogbo ilé, á ní kí wọ́n jẹ, òun ń ṣiṣẹ́.

Àwọn àgbà ní bí òkété bá dàgbà tán, ọmú ọmọ ẹ̀ ní í mu. Òkété tiwa yìí, ó ń mu ọmú, ó tún ń gba owó ọmú.

Òtútù wá dé. Ẹ mọ̀ pé nígbà òtútù, kò sẹ́ni tó ń wá ẹni tí yóò tún ẹ̀rọ amúlétutù ṣe. Ẹnjiníà wọ ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbọ́n ẹ̀ lọ́jọ́ kan, ó fa ìjókòó kan, kò jókòó.

"Àǹtí mi, ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí yé mi o. À ń sanwó fún wọn kí wọ́n lè tọ́jú Bàbá."

"Ẹ̀n."

"A wá tún ń sanwó fún Bàbá kó lè jẹ́ kí wọ́n tọ́jú òun."

"Ẹ̀n."

"Ta ló wá máa sanwó fún àwa?"

Oníbàárà kan wà lábẹ́ díráyà. Ó yọ orí jáde, ó ní, "Ẹ lọ yá lọ́wọ́ Bàbá. Òun nìkan ló níṣẹ́ oṣù nínú gbogbo yín." Ó ti orí padà.

Ẹnjiníà ò rẹ́rìn-ín. "Àǹtí mi, mi ò lè san tèmi mọ́. Mi ò purọ́ fún yín. Mo ti ta ọ̀kadà. Tó bá di Sátidé, màá lọ mú Bàbá wá sílé mi."

"Ta ló máa wà nílé tì í? Ìwọ tó ò ń ti orí òrùlé kan bọ́ sórí òmíràn?"

"A ó tilẹ̀kùn."

Onídìrí gbé kóòmù sílẹ̀.

"Mo ti tì í rí," ló wí. "Mi ò sọ fún ọ. Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ ọkọ̀ àjàgbé yẹn, mo ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn, mo wá síbí wá ṣiṣẹ́. Nígbà tí mo gòkè, ó ti jókòó sílẹ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ó ń bẹ̀ mí. Ó ní kí n jọ̀ọ́, òun ò jí nǹkan kan ní ilé iṣẹ́, kí n tú òun sílẹ̀."



"Àǹtí mi," Ẹnjiníà wí, ohùn ẹ̀ ti wálẹ̀, "ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí. Àmọ́ kò sọ owó di púpọ̀. Ẹ lè dá a san?"

Kò lè dá a san. Àwọn méjèèjì mọ̀.

Ohun kan wà tí mi ò tíì sọ nípa Ẹnjiníà. Ó máa ń sanwó, kì í lọ. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé Bàbá lọ síbẹ̀, kò fẹsẹ̀ kan ibẹ̀. Ó ní òun ò ráyè. Ẹ ṣáà mọ bí a ṣe máa ń ní a ò ráyè.

Sátidé pé. Ẹnjiníà gbé báàgì ńlá òfìfo kan tó fẹ́ fi kó ẹrù Bàbá, ó dé ẹnu ilẹ̀kùn. Ta ló bá níbẹ̀? Bàbá. Ó gé irun, ṣẹ́ẹ̀tì ẹ̀ dán, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹ̀ kún.

"Ẹ káàárọ̀, Bàbá."

"Ẹ káàárọ̀. Ìwé dà?"

"Bàbá, èmi ni."

"Èmi náà ni. Ìwé dà?"

"Mi ò níwèé. Ẹ̀yin ni mo wá rí."

"Èmi?" Bàbá wo ẹ̀yìn, bóyá ẹlòmíràn wà níbẹ̀. "Mo wà lẹ́nu iṣẹ́. Wọn kì í bẹ òṣìṣẹ́ wò lẹ́nu iṣẹ́. Ẹ padà wá tí mo bá ṣíwọ́."

"Ìgbà wo lẹ máa ń ṣíwọ́?"

"Mi ò tíì ṣíwọ́ rí."

"Bàbá! Ọmọ yín ni mí! Ọmọ yín ọkùnrin!"

Bàbá dìde. Ó wò ó láti orí dé bàtà. Ó sún mọ́ ọn, ó wo imú ẹ̀, ó wo etí ẹ̀. Ẹnjiníà ò mí.

"Ẹ jọra," Bàbá wí. "Àmọ́ ìwé dà?"

Ó padà jókòó. Àánú ọkùnrin yìí wá ń ṣe é, ló bá fi ohùn jẹ́jẹ́ là á yé e. "Ẹ má bínú. Mo lọ́mọ ọkùnrin lóòótọ́. Ẹnjiníà ni. Ẹnjiníà gidi o, kì í ṣe irú àwọn tó ń tún fíríìjì ṣe wọ̀nyí. Tí ọmọ yẹn bá ń bọ̀, kì í gbé báàgì òfìfo wá. Ó máa ń gbé nǹkan wá ni. Kì í wá kó nǹkan."

Ẹ gbọ́ mi, ọ̀rọ̀ yẹn ba Ẹnjiníà bí òkúta. Ó rọra gbé báàgì náà pa mọ́ sẹ́yìn.

Mátírọ́ọ̀nù ló wá gbà á. Ó kọ páálí kan fún un. Bàbá yí páálí náà sókè, ó yí i sódì, ó ní, "Ó dáa. Ẹ wọlé. Ẹ jókòó sórí bẹ́ǹṣì yẹn, ẹ má dí ọ̀nà." Ẹnjiníà jókòó. Ó rò ó pé tí Bàbá bá dìde lọ jẹun ọ̀sán, òun á rọra bá a sọ̀rọ̀, àwọn á jọ máa lọ.

Ibi tó jókòó sí yẹn ló wà tí Màmá Alápò fi yọ, ó ti wọ bàtà ìjáde, àpò ń bẹ lápá.

"Ẹ ṣílẹ̀kùn fún mi, ọkọ mi ń dúró dè mí níta."

Ẹnjiníà retí pé Bàbá á béèrè ìwé. Bàbá ò béèrè. Ó dìde fún ìyá náà, ó ní, "Màmá, ẹ kú ìmúra. Ẹ rẹwà o. Kò tíì dé. Ojú mi wà lójú ọ̀nà. Ẹ lọ jókòó sínú, kí atẹ́gùn má ba irun yín jẹ́. Bó bá ti yọ báyìí, èmi ni màá kọ́kọ́ rí i."

"Ẹ máa pè mí?"

"Màá sáré wá pè yín ni."

Màmá lọ. Kò pẹ́, ó tún dé. Bàtà ìjáde, àpò lápá, ọkọ òun ń dúró. Bàbá tún dìde, Màmá, ẹ kú ìmúra, ẹ rẹwà o. Ohùn kan náà. Kò sí àárẹ̀ kankan nínú ẹ̀, àfi bí ẹni pé àkọ́kọ́ nìyẹn. Fún àwọn méjèèjì, àkọ́kọ́ náà ni.

Ẹnjiníà bi í pé, "Bàbá, ṣé báyìí ni ìyá yẹn ṣe ń ṣe lójoojúmọ́?"

"Ìyá wo?" ni Bàbá wí.

Ó ṣe díẹ̀, Bàbá tẹ̀ síwájú, ó rọ ohùn sílẹ̀. "Ṣé iṣẹ́ lẹ ń wá ni?"

"Èmi?"

"Mo ti ń wò yín. Ẹ jókòó bí ẹni tí nǹkan ò rọgbọ fún."

Ẹnjiníà fẹ́ ní rárá. Ẹnu ẹ̀ ní, "Iṣẹ́ ò lọ, Bàbá."

"Ó máa lọ. Ẹ má bọkàn jẹ́, ọmọdé ṣì ni yín. Tí Madam bá wá sanwó, màá bá yín sọ fún un. Èèyàn dáadáa ni Madam yẹn. Ó máa ń kúnlẹ̀ kí òṣìṣẹ́." Bàbá mi orí. "Ẹni tó bí i kọ́ ọ dáadáa."

 Ẹnjiníà gbójú sókè wo àjà, torí kí ohun tó wà lójú ẹ̀ má baà dà sílẹ̀. Ibi tó gbójú sí yẹn ló ti gbọ́ ọ. Ẹ̀rọ kan ń kérora lókè yẹn. Kíṣìnnì sì ń dáhùn, fíríìjì ńlá ibẹ̀ ń wúkọ́ bí ẹni tó mu tábà. Ẹnjiníà wo Mátírọ́ọ̀nù tó ń kọjá lọ.

"Mà, ta ló ń bá yín tún àwọn ẹ̀rọ yìí ṣe?"

"Ẹ má dárúkọ ẹ̀ sí mi létí," Mátírọ́ọ̀nù wí. "Lóṣooṣù ló ń gbowó lọ, lóṣooṣù ni wọ́n ń bàjẹ́. Ẹran tá a jù nù lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ bá a sunkún."

Ẹ ò rí i? Àwọn méjèèjì wọ ọ́fíìsì. Ẹnjiníà ní òun á máa tọ́jú gbogbo ẹ̀rọ ilé náà, látorí òrùlé dé kíṣìnnì, kí wọ́n fi dípò owó tòun lórí Bàbá. Mátírọ́ọ̀nù ní òun ò mọ̀ bóyá ó mọṣẹ́. Ẹnjiníà bọ́ kóòtù, ó wọ kíṣìnnì. Kò pẹ́, ikọ́ fíríìjì dúró. Mátírọ́ọ̀nù na ọwọ́, wọ́n bọwọ́. Ọdún kan gbáko ni wọ́n jọ fi ṣàdéhùn.

Nígbà tó jáde, Bàbá ti ń wá a. "Ẹ dákun, ebi ń pa mí. Ẹ bá mi jókòó síbí kí n jẹun dé. Bí ẹnikẹ́ni bá dé, ẹ mọ ohun tẹ́ ẹ máa bi í?"

"Ìwé dà."

"Ẹ ti gbọ́n." Bàbá ṣí fìlà tirẹ̀, ó fi dé e lórí, ó lọ jẹun.

Onídìrí ńkọ́? Láti àárọ̀ ló ti ń bá ara ẹ̀ jà ní ṣọ́ọ̀bù. Ó mú un mọ́ra títí, kò lè mú un mọ́ra mọ́. Ó ti ṣọ́ọ̀bù, ó wọ bọ́ọ̀sì, ó fi eré dé ibẹ̀, fóòmù irun ṣì ń bẹ níka ọwọ́ ẹ̀. Ó ń gbàdúrà pé kó má tíì pẹ́ jù. Ó já sẹ́nu ilẹ̀kùn. Ta ló wà lórí àga? Àbúrò ẹ̀, fìlà Bàbá lórí.

"Bàbá dà? Ibo lo gbé Bàbá sí?"

"Ẹ káàsán, mà. Ìwé dà?"

"Mo ní Bàbá dà!"

"Ó ń jẹun. Ìwé dà?"

Ó fi báàgì ọwọ́ ẹ̀ na ọkùnrin yẹn lórí, lápá, léjìká, òun náà ń rẹ́rìn-ín, ó ń fi apá gbà á, ó ń ní, "Àǹtí mi, ẹ dúró! Àǹtí mi, kò lọ síbì kankan! A ti bá wọn ṣe é!" Nígbà tó rò ó fún un tán, onídìrí jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó kó orí lé èjìká àbúrò ẹ̀. Kò tíì ṣe bẹ́ẹ̀ látìgbà tí wọ́n ti wà lọ́mọdé.

Oṣù yẹn lọ wọ́ọ́rọ́wọ́. Ẹnjiníà ń wá lọ́sẹ̀-lọ́sẹ̀ tòun ti àpótí irinṣẹ́, ó ti ní káàdì tiẹ̀, Bàbá á yẹ̀ ẹ́ wò, á ní, "Iṣẹ́ ti ń lọ nísinsìnyí, àbí?" Á ní ó ń lọ. Bàbá á ní òun ti sọ fún un.

Oṣù parí. Onídìrí wọ aṣọ tó dáa. Ó san ìdajì tiẹ̀ nínú owó ilé ìtọ́jú. Ó fi kún ti Bàbá, torí inú ẹ̀ dùn, ó sì kúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì na ẹ́ńfílóòpù sí i. Ẹnjiníà dúró lẹ́yìn ẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Mátírọ́ọ̀nù náà yọjú. Ohun gbogbo ti bọ́ sípò.

Bàbá gba owó náà, ó gbé àga ẹ̀ ti ògiri, ó ní, "Ẹ ṣeun gan-an, Madam, òní ni mo fẹ̀yìn tì; ẹ bá mi ṣílẹ̀kùn, mo fẹ́ lọ máa gbé lọ́dọ̀ ọmọ mi obìnrin."